Títún Fọ́tò Ojú Ènìyàn Ṣe

Títún fọ́tò ṣe ni gbogbo iṣẹ́ tí ayàwòrán ń ṣe sí àwòrán lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti gbé e: mímú ojú mọ́lẹ̀ sí i, pípa àpá rẹ́, yíyí àwọ̀ padà, tàbí síso àwòrán méjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ló bí i. Rárá o. Ní 1855, Franz Hanfstaengl, ará Munich ní Jámánì, ti gbé àwòrán tó tún ṣe lọ síbi ìpàtẹ ńlá Paris. Lórí gíláàsì tí wọ́n fi ń gba àwòrán nígbà náà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, pẹ́ńsù àti búrọ́ọ̀ṣì sì ni irinṣẹ́ wọn.

Nílẹ̀ Yorùbá, fọ́tò ìbejì ni àrà tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí Táyéwò bá jẹ́ ọkùnrin, tí Kẹ́hìndé tó lọ sì jẹ́ obìnrin, Táyéwò á kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ ti obìnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdílé kan fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rọ́pò ère ìbejì. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà á hàn gbangba láàárín àwọn méjèèjì.

Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà fún títún àwòrán ṣe tí Thomas àti John Knoll ṣe, jáde ní 1990. Ó mú iṣẹ́ yá, ó sì jẹ́ kí ayàwòrán lè pa àṣìṣe rẹ̀ rẹ́. Lára àṣà tó gbòde báyìí ni yíya àwọ̀ ara sọ́tọ̀ kúrò lára ihò wínníwínní rẹ̀, kí àbààwọ́n lè lọ láìjẹ́ pé ojú ń dán bíi ti bèbí oníke. Àwọn mìíràn ń fi àwọ̀ sinimá kun fọ́tò. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni àwọn ètò aládàáṣe tó ń bó aláwọ̀ dúdú bí ẹni fi ọṣẹ ìbóra wẹ̀. Ìṣòro náà ti pẹ́: awọ ara obìnrin òyìnbó ni iléeṣẹ́ Kodak fi ṣe òṣùwọ̀n fún títẹ fọ́tò aláwọ̀ mèremère fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021 ni Google gbé ètò kámẹ́rà Real Tone jáde lórí fóònù Pixel 6, kí àwọ̀ dúdú lè hàn bó ṣe rí gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dán àrà tuntun wò, ẹ tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ lọ́tọ̀. Bí ẹni tí ẹ yà bá sì kọlà, ẹ bi í kí ẹ tó pa ilà náà rẹ́.