Dòjé Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ti Ṣe Mọ Ìdí Àrùn Fòní-kú-fọ̀la-dìde

Àwọn baba wa a máa wí pé, àbíkú sọ olóògùn di èké. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni èyí, nítorí kì í ṣe olóògùn nìkan ni ìtìjú bá. Ìyá ọmọ ni ẹ̀bi ń dà lé lórí, a sì máa ń fi abẹ sàmì sí ara òkú ọmọ kí ó má ba à tún padà wá. Oríṣiríṣi àrùn ni ó ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí ń dá ọmọ lóró nínú egungun, tí ẹyinjú rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ìyeyè. Ìtàn bí a ti ṣe mọ ìdí rẹ̀ ni èyí.

Ní òpin ọdún 1904, Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ṣàìsàn, ó sì wọ ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́ oníṣègùn kan, Ernest Irons, mú díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Hóró ẹ̀jẹ̀ a máa rí róbótó. Ṣùgbọ́n nínú ti ọkùnrin yìí, ó rí àwọn tí ó tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń kórè. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1910. Àmì àrùn ti hàn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì pamọ́.

Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbára iná mànàmáná dán hẹmoglóbínì wò, èyíinì ni ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri ara. Wọ́n rí i pé ti aláìsàn kì í rìn bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ní ọdún kan náà, James Neel fi hàn pé bàbá àti ìyá ni ó jọ fi àrùn náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge rí gbòǹgbò rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀wọ̀n kan nínú hẹmoglóbínì wé ìlẹ̀kẹ̀ 146 tí a sín pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀kẹfà, ni ó yàtọ̀. Nítorí ẹyọ kan yìí ni hóró ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀, tí ó sì ń dí ojú iṣan tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo èrè ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1986, a tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó fi hàn pé bí a bá ń fún àwọn ọmọ kékeré tí ó ní àrùn yìí ní oògùn penisílínì lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kò ní rí ààyè púpọ̀ mọ́. Ewu náà dín ní ìwọ̀n 84 nínú 100. Ṣùgbọ́n ta ni a óò fún, bí a kò bá kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò? Ní ọdún 1995, a rí i dájú pé oògùn hydroxyurea ń dín ìrora àwọn àgbàlagbà kù. Ní ọdún 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ní ilẹ̀ wa lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó dára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù, nígbà tí ìfẹ́ ti wọ ọkàn, tí ẹbí sì ti mọ ẹbí. Ilé-ìwé ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ pé bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ipa kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS; kì í ṣe pé ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ni yóò ṣàìsàn. Kí wọ́n sì mọ̀ pẹ̀lú pé ọmọ SS kì í ṣe èmèrè, ìyá rẹ̀ kò sì ṣẹ̀. Aláìsàn ni ọmọ náà. Ìtọ́jú ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe abẹ.