Igba Ojú àti Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́

Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òbí ló bí ọmọ, gbogbo àdúgbò ní í tọ́ ọ. Òwe náà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Odò-Ọwá àti Ìlọ́fà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí tíṣà ti lè jẹ́ àbúrò bàbá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, a máa ń gbà pé ọmọ tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀ kò lè nìkan wà. N kò bá wọn gbà á. Kí ojú wà lára ọmọ yàtọ̀ sí kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbà pé wọ́n ka òun kún. Rẹ́jísítà lè jẹ́rìí sí ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, àfi ká bi ọmọ.

Bí a ṣe lè bi í ni olùwádìí Carol Goodenow gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993: gbólóhùn 18, ọmọ á mú nọ́ńbà láti 1 dé 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé wọ́n máa ń kíyè sí i bí mo bá ṣe dáadáa? Ṣé àgbà kan wà níbí tí mo lè bá sọ ìṣòro mi? Lọ́dún 1997, Michael Resnick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí lórí ọ̀dọ́langba 12,118 jáde: ìdààmú ọkàn àti èrò àtipara-ẹni kéré lọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé àwọn àti ilé-ìwé wọn jọ mọ́wọ́ ara wọn. Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ tí ìbànújẹ́ ti mú tẹ́lẹ̀ kò ní rí ohun rere kankan sọ nípa ilé-ìwé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí Ian Shochet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi padà lọ bi àwọn ọmọ kan náà lẹ́yìn ọdún kan, tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n yọ ìrẹ̀wẹ̀sì àtẹ̀yìnwá kúrò nínú ìṣirò, síbẹ̀ ìdáhùn nípa ilé-ìwé ṣì ń tọ́ka sí ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n gbé ìwé ìbéèrè yẹn dé kíláàsì wa. Tíṣà ló pín in, òun náà ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń yọjú wo ìwé. Wọ́n ní kí ọmọ sọ bóyá tíṣà ń bọ̀wọ̀ fún òun. Ta ni kò ní mú 5? Ìwà ọmọlúàbí la wọ̀n yẹn. Márùn-ún nínú àwọn gbólóhùn náà sì wà ní ìdàkejì, irú bíi “nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé n kì í ṣe ara wọn”. Ọmọ tó fẹ́ kọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ní kì í ṣòótọ́ pé òun kì í ṣe ara wọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí á da orí ọ̀pọ̀ rú. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó sì yọrí sí rere; kò sí ìdí tí a ò fi lè fi í bi ọmọ ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn olówe lè mú ìwádìí Ọláyínká Omígbodùn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2008) lé mi lọ́wọ́: nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 17 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, èrò àtipara-ẹni pọ̀ nígboro ju ìgbèríko lọ. Igba ojú ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àbí? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wọn tó ní èrò náà, kò sì sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ gbà pé wọ́n ka òun kún ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, kí ó mú àlejò wá pín ìwé, kí ọmọ má kọ orúkọ, kí ó má sì ro gbogbo máàkì pọ̀. Ọmọ méjì lè gba 54 nínú 90: tíṣà fẹ́ràn ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìtínà rẹ̀, èkejì ní ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tó lè sọ̀rọ̀ fún.