Àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú
Ọ̀rọ̀-orúkọ (àpólà).

Ìtumọ̀: Àwòrán tí oníṣègùn ojú ń fi kámẹ́rà yà láti rí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri inú awọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú.

Àlàyé: A ó fi abẹ́rẹ́ fa aró fluorescein sí iṣan apá, láàárín nǹkan bí 10 sí 15 ìṣẹ́jú-àáyá, aró náà yóò dé ojú. Bí kámẹ́rà bá tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sí i, aró a máa dán ní àwọ̀ ewé. Iṣan tí ara rẹ̀ le kì í jò; èyí tí àìsàn ti mú kí ó wú a máa jò, etí rẹ̀ a sì di bàìbàì nínú àwòrán.

Ìlò: “Iṣan” nìkan kò tó. Iṣan ni a tún ń pe èyí tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Nítorí náà, ẹ fi “ẹ̀jẹ̀” kún un.

Àkíyèsí: Ẹ má ṣe pe àìsàn yìí ní “àpólò” tàbí “ojú pípọ́n”. Ẹ̀yìn ẹyinjú lè wú kí ojú má pọ́n rárá. Ẹni tí ó bá ń retí kí ó pọ́n kí ó tó lọ sí ilé-ìwòsàn lè pàdánù ìríran.

Àpẹẹrẹ: Ojú ìyá kò pọ́n, ṣùgbọ́n àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú wọn fi hàn pé iṣan ń jò.