Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Margery Kempe

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Olùgbọ́ ni òwe yìí ń yìn. Ẹni tí a kọ́ nílé kì í dúró kí a tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò kó tó mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà kíyè sí: ọlọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sí méjì. Ó mọ èyí tó sọ síta, ó mọ èyí tó fi sínú, ó sì dá a lójú pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ mọ ibi tí ìyókù wà. Bí ẹlòmíràn bá wá gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tó fi ààbọ̀ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ ńkọ́?

Ní nǹkan bí ọdún 1501, Wynkyn de Worde tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ iṣẹ́ William Caxton ni de Worde. Caxton yìí ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ náà, de Worde ló sì gba iṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ojú ewé ìwé náà kò pé mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ àṣàrò àti àdúrà ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí Kristi bá obìnrin kan sọ nínú ọkàn. Àkọlé rẹ̀ sọ pé inú ìwé Margery Kempe ará Lynn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo péré ló ṣẹ́ kù lónìí, ní ilé ìkàwé Yunifásítì Cambridge.

Ta ni Margery? Baba rẹ̀ jẹ olórí ìlú Lynn nígbà márùn-ún. Ó bí ọmọ mẹ́rìnlá fún John Kempe ọkọ rẹ̀. Ó pọn ọtí tà, owó wọ̀ ọ́ gbé. Ó dá ilé ìlọkà sílẹ̀, ẹṣin kọ̀, kò fa ọlọ. Lẹ́yìn náà ó bá ọkọ rẹ̀ dá májẹ̀mú pé àwọn kò ní sùn pọ̀ mọ́, ó sì gba ọ̀nà Jerúsálẹ́mù lọ. Àwọn tí wọ́n jọ rìn kò rí ara gba ẹkún rẹ̀. Wọ́n gé aṣọ rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ní kó máa jókòó sí ìdí tábìlì níbi oúnjẹ. Ní òkè Kálfárì ni igbe ńlá ti kọ́kọ́ bá a, láti ibẹ̀ lọ kò sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dé ọjọ́ kan tó ké nígbà mẹ́rìnlá. Kò mọ ìwé kọ, ṣe ló ń sọ ìtàn rẹ̀ fún akọ̀wé. Ọwọ́ akọ̀wé àkọ́kọ́ burú débi pé àlùfáà tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kà á, ọdún 1436 ni àlùfáà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e. Ibì kan wà nínú odindi ìwé náà tí Margery ti sọ pé bí òun bá rí ẹni tí ara rẹ̀ bó, tàbí ẹranko tó fara gbọgbẹ́, bí ẹnì kan bá ń na ọmọdé tàbí ẹṣin lójú òun, Kristi ni òun ń rí tí wọ́n ń nà. Àárín ìtàn igbe ni ọ̀rọ̀ yìí jókòó sí; òun ló sọ ìdí tí igbe fi ń jáde. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n igbe tó yí i ká kò wọ̀ ọ́. Obìnrin tó dákẹ́, tó ń ronú, ni òǹkàwé rí.

Ní 1521 Henry Pepwell tún ìwé pẹlẹbẹ náà tẹ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ó pe Margery ní irú obìnrin tí wọ́n ń mọ yàrá tì mọ́ ara ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í jáde mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Margery tó dé Jerúsálẹ́mù, Róòmù àti Santiago! Nígbà tí Edmund Gardner tún àkójọ Pepwell gbé jáde ní 1910, obìnrin inú yàrá yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì mọ̀. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Ààbọ̀ dé inú wọn, ó sì di odindi lóòótọ́, àmọ́ odindi ẹlòmíràn ni.

Ní 1934 ni ìwé àfọwọ́kọ odindi náà jáde láti ilé ìdílé Butler-Bowdon; Hope Emily Allen, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló dá a mọ̀. Ilé ìkàwé ìjọba ní London ló wà báyìí.

Mi ò ní bú ẹni tó ṣa ọ̀rọ̀ inú ìwé pẹlẹbẹ náà jọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ ṣà, ẹni tó ń wá àdúrà jẹ́jẹ́ sì rí i gbà. Àmọ́ ohun tó gé kúrò dùn mí, pàápàá ti ọdún 1417. Òfin 1401 ti fàyè gbà á kí wọ́n dáná sun aládàámọ̀. Wọ́n mú Margery lọ síwájú Henry Bowet, bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní kó búra pé òun kò ní kọ́ ará ìlú mọ́. Ó kọ̀, ó ní Ọlọ́run kò ka sísọ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ léèwọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fún ọkùnrin kan ní ṣílè márùn-ún pé kó yáa mú un kúrò níbẹ̀.