Eré Tí Ń Ṣe Oògùn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Lónìí, mo fẹ́ kí a wo àgbà fúnra rẹ̀. Kí ni ó ń ṣe lọ́jà? Kí ni ọjà ń ṣe fún un? Bí a bá sì mú un kúrò lọ́jà, ta ni ó mọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀?

Ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Ibẹ̀ ni ìyá mi àgbà ti ta ẹ̀lùbọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí ó fi di arúgbó. Nígbà tí ó ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́, bàbá mi mú un wá sí Ìbàdàn. A fún un ní yàrá tirẹ̀, a fún un ní bẹ́ẹ̀dì àti fáànù, a sì gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò sì máa gbé oúnjẹ fún un. Bí ó bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, gbogbo wa á pariwo pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi." Ó sinmi lóòótọ́. Kí ọdún tó yí po, ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀, orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú ni ó sì fi ń pè mí.

Ní ọjọ́ kan, ìnáwó òkú gbé wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sì gba Ọjà Igbó kọjá. Obìnrin kan tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ rí rí i nínú ọkọ̀. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó bu ẹ̀lùbọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyá mi àgbà fi ìka ra á, ó gbé e sí imú, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iṣu yìí kò gbẹ tán kí ẹ tó lọ̀ ọ́." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, òjò ni kò jẹ́ kí ó gbẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí n kò ti gbọ́ kí ìyá sọ gbólóhùn tí ó gún tó bẹ́ẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a wa ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì a padà sí Ìbàdàn, sí ìdí yàrá àti fáànù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú rí. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó kú.

Ìgbà tí ó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí a rí lọ́jọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò, tí wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ wọn ni láti fi eré, orin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìpàdé ẹlẹgbẹ́ ṣe ìtọ́jú ara àti ọkàn aláìsàn àti arúgbó. Ìtàn iṣẹ́ náà, àti bí ó ti kan ilẹ̀ wa, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé àjèjì ni nǹkan yìí lọ́dọ̀ wa. Àgbàlagbà kì í jókòó lásán ní ìlú Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ìdí ọpọ́n ayò wà lábẹ́ igi. Níbẹ̀ ni yóò ti máa ka ọmọ ayò, tí yóò máa ṣọ́ ilé tí ó ti lè jẹ, tí yóò sì máa fi ẹnikejì rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, bí kò tilẹ̀ lè ru igbá mọ́, yóò jókòó sí ìsọ̀, yóò máa ṣọ́ owó, yóò sì máa kọ́ ọmọ ní òwò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àlọ́ dé. Bí ìjà bá dé nínú ìdílé, òun ni wọn yóò pè kí ó wá là á. Ẹgbẹ́ tí ó ti wà láti ìgbà èwe sì ń pàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń dá aṣọ. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni.

Síbẹ̀, n kò ní í bu oyin sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bímọ, tí ó sì ní ará, ni ìtọ́jú yìí wà fún. Arúgbó tí kò bímọ, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ti kú tán, lè wà nínú agbo ilé bí ẹni tí kò sí. Obìnrin arúgbó tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó ń rìn kiri lóru, ẹ̀sùn àjẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi kàn án, nígbà tí ó lè jẹ́ pé àrùn ìgbàgbé ni ó ń ṣe é. Àṣà wa dára, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ gbogbo àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tí ó di ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn náà ni ó di ti Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kan, Ruth Kersey, kó àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti kú jọ, ó ń tọ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé àwọn ọmọ náà. Àwọn adẹ́tẹ̀ pẹ̀lú ní ibùdó tiwọn. Ẹ wò ó: aboyún rí olùtọ́jú tí ó kọ́ṣẹ́, ọmọ ọwọ́ rí, adẹ́tẹ̀ rí. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni nítorí arúgbó, nítorí pé gbogbo ènìyàn gbà pé ọmọ rẹ̀ wà nílé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rin ìrìn àjò. Wọ́n ṣòwò dé Jos, wọ́n ṣòwò dé Gáńà, títí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí àwọn kan bá lọ, àwọn kan á kù nílé. Ta ni ó rò pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọmọ òkété yóò tú ká sí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí ihò yóò sì ku ìyá nìkan?

Nígbà tí àwa gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ, bẹ́ẹ̀dì ni àwọn òyìnbó gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn náà sì já wọn kulẹ̀. Ní ọdún 1935, wọ́n fi àwọn aláìsàn 714 sí abẹ́ àbójútó Dókítà Marjory Warren ní ilé ìwòsàn West Middlesex, ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin yìí yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ìdùbúlẹ̀ gan-an ni ó sọ ọ̀pọ̀ wọn di aláìlágbára. Ó gbé wọn dìde, ó kọ́ wọn ní ìrìn, ó tún yàrá wọn ṣe kí ó lè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí a ti rò pé ibẹ̀ ni wọn yóò kú sí padà sí ilé wọn. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1930, Dókítà Elizabeth Casson ti dá ilé-ìwé Dorset House sílẹ̀ ní Bristol, èyí tí ó kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìtọ́jú.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Red Cross ti ń gbé eré lọ bá àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ láti ìgbà ogun àgbáyé kìíní. Ní New York, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn aláìní ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó ń wá àwáwí láti wá sí ọ́fíìsì, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1943, wọ́n wá ibì kan fún wọn ní Bronx, wọ́n gbé tábìlì àti eré sí i, wọ́n sì pè é ní William Hodson. Láti inú irú nǹkan báyìí ni iṣẹ́ náà ti dàgbà. Ní ọdún 1981, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí; ní ọdún 1984, àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́ nípa ara àti ọkàn ènìyàn, kí ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí ibí ni ìtàn náà ti dùn jù. Ní ọdún 1954, Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró. Dípò kí ó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé, ó ní kí wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí Àró ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ará ilé rẹ̀ kan dání tí ń dáná fún un, tí ń fọ aṣọ rẹ̀. Ní ọ̀sán wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sínú abúlé, láàárín oko, ọjà àti ijó. Lambo sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n máa darí eré àti ìpàdé àwọn aláìsàn. Ẹ gbọ́ bí ó ti jinlẹ̀ tó: àwọn adáhunṣe wa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba owó oṣù ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa láti fi eré ṣe ìtọ́jú. Kì í ṣe nítorí arúgbó ni a ṣe dá Àró sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan arúgbó gbọ̀ngbọ̀n: ìgbésí ayé láàárín ènìyàn wà lára oògùn.

Ẹ̀rí dé lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣèwádìí láàárín àwọn arúgbó 2,152, tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Ohun tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí a fi mọ arúgbó tí ayé rẹ̀ dára, ni bí ó ti ń bá ẹbí àti ará àdúgbò kópa nínú nǹkan. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sí UCH ní Ìbàdàn, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2017 sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn àwọn àgbàlagbà. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú iṣan àti eegun láti ọdún 1966. Ilé-ìwé kan sì wà ní Òṣòdì, ní Èkó, tí ń kọ́ni bí a ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìtọ́jú. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá arúgbó gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọmọbìnrin bíi ti ilé wa yẹn, ta ni ó kọ́ ọ?

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé a ó wá máa sanwó fún àlejò kí ó bá ìyá wa ta ayò?" Èsì mi ni pé nínú ilé náà ni a ti ń gbẹ̀bí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ a kò tijú láti rán ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí nígbà tí a rí i pé ẹ̀mí ń ṣòfò. Ẹ̀kọ́ kì í pa àṣà. Ó ń jẹ́ kí àṣà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Bí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí bá wá sílé wa nígbà náà, kì bá má bèèrè ohun tí ó ń ṣe ìyá nìkan. Ì bá bèèrè ohun tí ìyá ń ṣe rí. Ì bá wo ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀, kí ó mọ èyí tí ó ṣì lágbára. Ì bá gbé àwo ẹ̀lùbọ́ mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ó sọ èyí tí ó dára jù, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Ìka ń ṣiṣẹ́, imú ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń rántí, ẹnu ń sọ̀rọ̀. Ì bá kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ lóṣù kejì bóyá ó sàn tàbí kò sàn. Kò sì ní í pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí ó ti kọ́ ọ pé àgbà tí ó ń gbàgbé, àgbà náà ni. N kò sọ pé ìyá mi àgbà kò ní í kú. Mo sọ pé ì bá má ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ni ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ti Bowen àti ti LAUTECH. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé aláruru. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ọjà Igbó ní òwúrọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá arúgbó ní ìsọ̀ wọn, kí wọ́n máa wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà wà lọ́jà síbẹ̀. Bí orí tirẹ̀ bá wá wọ́, kí ẹni tí yóò tún un ṣe má ṣe jìnnà.