Irin Líle Kọ́ Ló Ń Dáàbò Bo Ọmọ Nínú Ọkọ̀

Bí òbí kan ní Sawaba, ní Ghana, bá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, tó sì ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́dọ̀ DVLA, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó wá ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n á ní irin gidi ni wọ́n fi ṣe àwọn yẹn. Pé tìsinsìnyí, páànù lásán ni, bí ọ̀kadà bá fara gbún un báyìí, ó ti rún. Ní Yorùbá, ní Hausa, ní Twi, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́, ire ọmọ náà ni wọ́n sì ń wá. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà, àṣìṣe náà sì lè pa ọmọ tí wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bò.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Sawaba wà ní agbègbè Asokore Mampong, Suame Magazine kò sì jìnnà síbẹ̀. Jákèjádò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe tó tóbi tó Magazine ṣọ̀wọ́n. Orúkọ rẹ̀ wá láti ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí láyé àtijọ́, níbi tí àwọn fíta ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kó lọ sí Suame. Yunifásítì KNUST dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀ ní 1972, nígbà tó sì di 1980, wọ́n gbé ẹ̀ka kan kalẹ̀ sí Magazine láti máa kọ́ àwọn oníṣẹ́ ní lílo ẹ̀rọ. Ní 2013, àwọn oníṣẹ́ yìí kan náà, pẹ̀lú ará Netherlands méjì, Melle Smets àti Joost van Onna, to odindi ọkọ̀ kan jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n pè é ní Turtle 1. Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọṣẹ́, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Ọ̀gá tó ní irú ọwọ́ báyìí máa ń fẹ́ràn ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ọkọ̀ oníkàbúrétọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, sípánà àti òòlù ti tó o. Peugeot 504 tí àwọn bàbá wa fi ná ọjà láti ìlú dé ìlú lè ṣubú sí kòtò lówùúrọ̀ kó sì máa lọ lọ́sàn-án. Bí nǹkan bá gbá bọ́ńpà rẹ̀, bọ́ńpà kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹni tó ti rí èyí fún ogún ọdún yóò sọ pé ọkọ̀ náà lágbára, òtítọ́ ló sì sọ. Àmọ́ kí ọkọ̀ pẹ́ láyé, kó sì rọrùn láti tún ṣe, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ yè bí ó bá forí sọ nǹkan, ọ̀tọ̀ tún nìyẹn. Ibi tí a ti da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Àwọn kan ti dán an wò ní gbangba. Ní 2017, ANCAP, ìyẹn àjọ tó ń yẹ ààbò ọkọ̀ wò ní Australia àti New Zealand, mú Toyota Corolla méjì, ti 1998 àti ti 2015, wọ́n mú kí wọ́n forí kọlu ara wọn ní kìlómítà 64 láàárín wákàtí kan. Ọmọlángidi ìdánwò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú máàkì 16, Corolla 2015 gba 12.93. Ti 1998 gba 0.40. Mo fẹ́ kí òbí tún nọ́ńbà yẹn kà, torí pé Corolla 1998 kì í ṣe ọkọ̀ àjèjì sí wa. Irú rẹ̀ gan-an ló ń wá sí ọkàn wa bí a bá ń wá ọkọ̀ tí kò ní gba owó lọ́wọ́ wa, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún ọjà.

Ẹnìkan lè ní Corolla 1998 kò tíì dàgbà tó, pé irin àtijọ́ tí òun ń sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dáa. Ní 2009, IIHS ní Amẹ́ríkà, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ ní 1959, fi Chevrolet Bel Air 1959 kọlu Chevrolet Malibu 2009. Bel Air gùn, ó nípọn, irin rẹ̀ ń dán gbinrin. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òpó tó gbé gíláàsì iwájú rẹ̀ dúró ti wó, dáṣíbọ́ọ̀dù ti sún sórí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, orí ọmọlángidi sì ti gbá sítíárìn. Ká ní èèyàn ni, kì bá tí jáde láàyè. Nínú Malibu, ẹsẹ̀ ni ọmọlángidi ti fara pa díẹ̀. Yàrá tó jókòó sí ṣì dúró bó ṣe wà. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bínú, wọ́n ní wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì Bel Air kúrò kó tó kọlu nǹkan. Wọn kò yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 ló wà nínú rẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹni tó fò láti orí àjà sórí tìmùtìmù àti ẹni tó fò sórí sìmẹ́ńtì, eré kan náà ni wọ́n bá dé ilẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe dúró. Ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, tó kọlu ògiri, tí iwájú rẹ̀ sì rún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 60 kó tó dúró, agbára tó dé bá ara ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 16 ìwúwo ara rẹ̀. Bí irin bá le tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 10 péré ló rún, agbára náà á súnmọ́ ìlọ́po 100. Ọmọ tó wọn kílò 60, ó yàtọ̀ kí tọ́ọ̀nù kan tẹ àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kúkúrú, ó sì yàtọ̀ kó jẹ́ tọ́ọ̀nù 6. Nítorí náà, iwájú ọkọ̀ tó rún bíi páànù, iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ló ń ṣe yẹn. Béla Barényi, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Mercedes ní Jámánì, ló ronú rẹ̀: kí iwájú àti ẹ̀yìn rọ̀, kí yàrá àárín tí èèyàn jókòó sí le. 1959 ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí jáde, ọdún kan náà tí Bel Air yẹn jáde, ọdún kan náà tí Nils Bohlin ní Volvo mú bélíìtì tó kọjá ní èjìká àti ìgbáròkó wá, tí Volvo sì jẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó láìgbowó.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò àwọn àgbà, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, èyí tó wúwo ló ń ṣe èkejì léṣe jù. Ìwádìí IIHS lórí àwọn ọ̀dọ́langba ọmọ ọdún 15 sí 17 tó kú nídìí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 2008 sí 2012 rí i pé ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà nínú ọkọ̀ kékeré, nígbà tó jẹ́ 20 láàárín àwọn àgbàlagbà ọdún 35 sí 50. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi ní kí òbí má ra ọkọ̀ tó kéré jù fún ọ̀dọ́. Ìwúwo ń ranni lọ́wọ́. Líle iwájú ọkọ̀ kọ́.

Ní báyìí, ká lọ sí Magazine pẹ̀lú ọkọ̀ tí a ti rà tàbí tí a fẹ́ rà. Ohun tí a bá ní kí fíta ṣe ló máa ṣe, ohun tí a sì sábà máa ń ní kó ṣe ni ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà àti AC. Àmọ́ àwọn ibi tí mo fẹ́ kà yìí ni owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, mo sì máa pẹ́ lórí ẹ́ábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú láti gba èèyàn nínú jàǹbá, torí òun ni wọ́n fi ń tan èèyàn jù.

Kí òbí jókòó sídìí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, kó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa kan tó ní àwòrán ẹni tó jókòó pẹ̀lú nǹkan róbótó níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bí ó bá tàn tí kò kú, ẹ́ábáàgì níṣòro. Bí kò bá tàn rárá, ìyẹn ló burú jù, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ́ábáàgì ti bú nínú jàǹbá ìṣáájú, tí ẹnìkan sì yọ gílóòbù kúrò kí ẹni tó ń rà má baà mọ̀. Kó wo ojú sítíárìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú èrò: ṣé àwọ̀ wọn bá ara mu, àbí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà? Kó sì sọ fún rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀: "Máásítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ẹ́ábáàgì yìí wò kí n rí ohun tó kọ."

Bélíìtì kò le láti yẹ̀ wò. Fà á jáde tán dé ìdí. Bí etí rẹ̀ bá ti ń họ, tàbí tí ara rẹ̀ ti lọ́ wúruwùru, ó lè ti gbé ẹnìkan dúró nínú jàǹbá rí, kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ tìrẹ. Já a gbà lójijì, ó gbọ́dọ̀ há. Ti ẹ̀yìn náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 18 kì í dá wakọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bélíìtì ẹ̀yìn ni a máa ń tì sábẹ́ síítì tí a ń gbàgbé.

Táyà ní ọjọ́ orí lára. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 2315, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Bí eyín rẹ̀ bá tilẹ̀ nípọn bí ti tuntun, rọ́bà tó ti lé ní ọdún 10 ti gbẹ, ó lè fà ya lórí eré. Táyà òkèèrè tí fọkanáísà kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà dà bí ẹ̀dínwó, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ òótọ́ rẹ̀.

Epo bíréèkì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Irú rẹ̀ kan, DOT 4 tuntun, kì í hó títí dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n kan, 155 ló ti lè máa hó, ẹsẹ̀ á sì tẹ bíréèkì lọ sílẹ̀ gbọọrọ láìrí nǹkan kan. Kí wọ́n dà á nù pátápátá, kí wọ́n rọ tuntun, kí wọ́n sì yẹ àwọn rọ́bà tó gbé e lọ sí táyà wò bóyá wọ́n ti sán.

Ó tún ku páńẹ́lì bítà, ẹni tó ń na ara ọkọ̀ tó ti rún, torí pé ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ẹ̀rí ààbò bí wọ́n bá ti nà án padà. Iwájú tó ti rún lẹ́ẹ̀kan ti lo ara rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá fi iná mú irin alágbára tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òde òní rọ̀ kí wọ́n lè nà á, agbára rẹ̀ ti lọ, ọ̀dà kò sì lè dá a padà. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, bíi Kánádà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ti jẹrà. Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ, fi rìn lára òpó, abẹ́ ilẹ̀kùn àti etí táyà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bọdí fílà tí wọ́n fi dí i ló wà níbẹ̀. Nínú òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Ghana ti 2020, Act 1014, wọ́n fẹ́ fòfin de kíkó ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá wọ̀lú, kí ìjọba tó dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró. Ojú òbí ló kù láti ṣọ́ ọ.

Bí owó bá lè tó ọkọ̀ tó ní ESC, ẹ̀rọ tó ń fa bíréèkì táyà kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí òbí fi í ṣáájú. Láti ọkọ̀ ọdún 2012, dandan ni ní Amẹ́ríkà. Bọ́tìnì tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ la sábà máa ń fi dá a mọ̀.

Bí wọ́n bá wá kó ọkọ̀ méjì síwájú mi, tí owó wọn dọ́gba, ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ́ábáàgì, tí bélíìtì rẹ̀ sì ti họ, èkejì tó ń rú èéfín díẹ̀ àmọ́ tí gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí pé lára rẹ̀, èyí tó ń rú èéfín ni màá rà fún ọmọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa dúró sí. Wọ́n á fà á lọ sí Magazine, ẹ́ńjìnnì àlòkù kún ibẹ̀, àwọn ọ̀gá yẹn sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.