Toyota ní Ouagadougou: Ìtàn ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òfì, àti ohun tí àwọn tó ń wà á ń sọ nípa rẹ̀

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, alùpùpù ló kọ́kọ́ máa ń gba ojú títì. Ìyá ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti àgbà ọkùnrin ló ń gùn ún, débi pé àwọn ènìyàn a máa pe ìlú náà ní olú ìlú ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń kọjá láàrin wọn, orúkọ kan wà tí ẹ óò máa rí léraléra: Toyota.

Corolla àtijọ́ wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ṣe takisí. Hiace ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Hilux ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe, àgbẹ̀ ńlá àti ọmọ ogun ń lò. Land Cruiser funfun ni àwọn àjọ aṣèrànwọ́ fi ń lọ sí ìgbèríko tí ọ̀dà kò dé.

Kí ló fà á tí ọkọ̀ láti Japan fi rọ́wọ́ mú tó báyìí ní ìlú tó jìnnà sí òkun? Ohun tí àwọn tó ni ín máa ń sọ kì í ṣe pé Toyota kì í bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ibikíbi tó bá bàjẹ́ sí, ẹni tó lè tún un ṣe kò ní jìnnà.

Orí òfì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá mọ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, tàbí tó bá ti rí Faso Dan Fani, aṣọ òwú tí wọ́n ń hun ní Burkina Faso, kò ní rí ìbẹ̀rẹ̀ Toyota bí ohun àjèjì. Sakichi Toyoda, ọmọ káfíńtà tí wọ́n bí ní ọdún 1867, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀nà láti ṣe òfì tí yóò máa dá hun aṣọ. Ní ọdún 1924 ni òun àti ọmọ rẹ̀, Kiichiro, parí èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn. Bí fọ́nrán òwú kan bá já, òfì náà yóò dá ara rẹ̀ dúró kí aṣọ má baà bàjẹ́. Ní ọdún 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san £100,000 kí òun náà lè máa ṣe irú òfì bẹ́ẹ̀.

Kiichiro ló yí ojú sí ọkọ̀. Ó dá ẹ̀ka ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ òfì wọn ní ọdún 1933. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1935, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n pè ní AA sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1936. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1937 ni Toyota Motor dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́. Toyoda ni orúkọ ìdílé, àmọ́ wọ́n yí i sí Toyota nítorí pé ìlà 8 péré ni ènìyàn yóò fà kó tó kọ ọ́ tán ní ọ̀nà ìkọ̀wé Japan, nọ́ńbà 8 sì jẹ́ àmì oríire lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní ọdún 1950, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ogun Korea bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Toyota, èyí tó fa ilé iṣẹ́ náà yọ nínú ọ̀fìn.

Lẹ́yìn náà ni Taiichi Ohno, ọ̀gá kan níbẹ̀, mú ìlànà iṣẹ́ kan dàgbà tí gbogbo ayé wá ń kọ́ lónìí. Ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe. Èrò inú òfì Sakichi náà ni.

Àwọn ọkọ̀ tó gbé orúkọ rẹ̀ dé Áfíríkà

Ọdún 1951 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ BJ, tí wọ́n sọ ní Land Cruiser ní ọdún 1954. Corolla jáde ní ọdún 1966, Hiace ní ọdún 1967, Hilux sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1968. Ní ọdún 1984 ni Land Cruiser oríṣi 70 dé. Wọ́n ṣì ń ṣe oríṣi yìí títí di òní, nítorí pé àwọn tó ń gba ọ̀nà aṣálẹ̀, ibi ìwakùsà àti oko kò fẹ́ kí ó parẹ́.

Ní Nàìjíríà, Camry ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Toyota, débi pé wọ́n sọ àwọn kan lára rẹ̀ ní “Big Daddy” àti “Muscle.” Ní Ouagadougou, níbi tí owó epo àti eruku ti ń dá ènìyàn lẹ́kun, ọkọ̀ kékeré bíi Corolla àti Starlet ló rọrùn fún onílé, Hilux sì ni àlá oníṣòwò.

Báwo ni Toyota ṣe ń dé Ouagadougou?

Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni ti tuntun. CFAO, ilé iṣẹ́ òwò Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1887, ló ń ta ọkọ̀ Toyota ní Burkina Faso. Ní ọdún 2012, Toyota Tsusho, tó jẹ́ apá ìṣòwò ẹbí Toyota, ra ìpín tó pọ̀ jù lọ nínú CFAO. Ní Ghana tó wà létí ibẹ̀, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Tema ní ọdún 2021 tó ń to Hilux pọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àlòkù, òun ló sì sún mọ́ àpò mẹ̀kúnnù. Ohun tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀, “France au revoir” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bí ẹni tó kí ilẹ̀ Faransé pé ó dìgbóṣe. Burkina Faso kò ní etíkun, nítorí náà Lomé, Cotonou, Tema tàbí Abidjan ni ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó gba Lomé yóò rin nǹkan bíi 1,000 kìlómítà, yóò la Togo já dé ibodè Cinkansé, kí ó tó wọ Ouagadougou.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn Toyota yìí kò wá tààrà láti Japan. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Japan, apá ọ̀tún sì ni ìdarí ọkọ̀ wọn wà. Ní Burkina Faso, bíi ti Nàìjíríà láti ọdún 1972, apá ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àlòkù fi ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá.

Kí ni àwọn tó ni ín ń yìn?

Ohun àkọ́kọ́ ni páàtì. Àwọn Toyota tó ti kú kò tíì tán ní ìwúlò: wọ́n ń tú wọn palẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́yọ-lẹ́yọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Awakọ̀ takisí tó ń pa owó lójoojúmọ́ kò lè dúró de páàtì tí yóò ti òkè òkun bọ̀.

Ohun kejì ni ìrọ̀rùn àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser oríṣi 70 ló ń lo ẹ́ńjìnì 1HZ tó ń jẹ dísù. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀, mẹkáníìkì tó ní sípánà àti etí tó mọ ìró ẹ́ńjìnì lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Fún nọ́ọ̀sì tó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn láti abúlé, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ohun kẹta ni iye rẹ̀ lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ka Toyota sí owó ìpamọ́. Bí àìsàn tàbí ìsìnkú bá dé, wọ́n gbà pé Corolla yóò tètè rí ẹni tí yóò rà á.

Kí ni wọ́n ń ṣàròyé lé lórí?

Owó ni àkọ́kọ́. Iyì tí Toyota ní ló mú kí àlòkù rẹ̀ wọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé Hilux tí kò ru ẹrù a máa ju ènìyàn sókè sódò, nítorí irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ le. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹ́ńjìnì dísù tuntun. Wọ́n ń fi epo pamọ́, wọ́n sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹnu ìtúpo wọn tẹ́ẹ́rẹ́, epo tó dọ̀tí a sì máa dí i. Àtúnṣe rẹ̀ ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe etí nìkan. Ẹ̀kẹrin ni ayédèrú páàtì, tí wọ́n tẹ orúkọ Toyota sí lára, tí kì í sì í lo oṣù mélòó kan.

Ilé iṣẹ́ náà pàápàá ti jẹ́wọ́ àṣìṣe. Ní ọdún 2009 àti 2010, ó pe àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọkọ̀ padà nítorí ìṣòro tó jẹ mọ́ ẹsẹ̀ ìtẹná, Akio Toyoda tó jẹ́ olórí rẹ̀ sì fojú hàn níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, ó dá kíkó àwọn ọkọ̀ kan jáde dúró fún ìgbà díẹ̀, títí kan Hilux àti Land Cruiser, nítorí pé àyẹ̀wò agbára ẹ́ńjìnì dísù wọn kò bá ìlànà mu.

Nígbà tí iyì ọkọ̀ di ewu

Ohun tó mú kí dókítà fẹ́ràn Hilux náà ló mú kí àwọn tó gbé ìbọn fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn ọmọ ogun Chad fi Toyota fíẹ́fíẹ́ ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ ogun Libya nínú aṣálẹ̀, títí ayé fi ń pe ìjà náà ní Ogun Toyota.

Láti ọdún 2015 tí ìkọlù àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara ti ń dá Burkina Faso láàmú, ẹni tó bá ní Hilux tàbí Land Cruiser ní ohun mìíràn láti rò kó tó jáde sí ìgbèríko. Jíjí ọkọ̀ gbà lójú ọ̀nà ti di ìṣòro fún àwọn aṣèrànwọ́ káàkiri agbègbè Sahel, àwọn kan sì ti fi Land Cruiser sílẹ̀, wọ́n ń háyà ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní fa ojú mọ́ra. Nígbà tí ọkọ̀ bá lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oúnjẹ tó yẹ kó gbé kò ní dé.

Toyota mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí Land Cruiser 300 jáde ní ọdún 2021, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà ní Japan fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní tà á láàrin ọdún 1, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí kò yẹ.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù yẹ̀ wò?

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ ti pe ọkọ̀ náà padà. Èyí ṣe pàtàkì nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àtijọ́ àti ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́dún gbọọrọ lè mú kí ó bú gbàmù, kí irin sì fò jáde. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, lẹ́tà ìkìlọ̀ kì í sábà bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á lẹ́yìn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà kìlómítà nìkan, wọ́n lè yí i padà. Ẹ wo bí àga awakọ̀ àti rọ́bà ẹsẹ̀ ìtẹná ṣe jẹ tó. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ní Ouagadougou, ẹ ní kí ó ṣí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, kí ó wo eruku tó wà níbẹ̀. Eruku pupa náà kì í parọ́: òun ni yóò sọ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà tọ́jú rẹ̀.